Ọgbà Ẹ̀fọ́ Lẹ́yìn Ilé: Ìrìn Àjò Wa Láti Kétu Dé Àjàṣẹ́

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọ̀rọ̀ omi àti ilẹ̀ tútù ni mo mú wá bá yín lónìí. Kì í ṣe òwe nìkan ni mo fẹ́ pa: omi tí a fi ń ṣan ìrẹsì gan-an ni mo ń wí, àti ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa.

Oṣù kejìlá ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan nínú ìjọ wa ní Kétu gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, lọ sí ilé ìwòsàn. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rí, wọ́n sì fún un ní oògùn ibà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì yí ìpéǹpéjú ọmọ náà wò, ó rí i pé inú rẹ̀ funfun, ó ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò tó. Ó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó máa fún un ní ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin. Ìyá náà ní òun ti gbọ́. Nígbà tí ó bá mi lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú, ó ní: «Baba Katikísì, wọ́n ní kí n máa fún un ní ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́. Nígbà òjò, ẹ̀fọ́ kún ẹ̀bá ọ̀nà. Nísinsìnyí tí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, ìdì tí mo ń rà lọ́jà kò kún ọwọ́ mi, àwa méje ni a sì ń jẹun láti inú ìkòkò kan. Níbo ni kí n ti rí ti ojoojúmọ́?»

N kò rí èsì fún un. Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní katikísímù fún ọ̀pọ̀ ọdún pé Ọlọ́run fi Ádámù sínú ọgbà Édẹ́nì kí ó máa ro ó, kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀, n kò ní ewé kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé tèmi. Nígbà tí mo wà ní sémináárì, a ní ọgbà ńlá kan. Lójoojúmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ni a ń fa omi nínú kànga, tí a sì ń fi agolo ìbomirin ńlá, tí àwọn olùkọ́ wa ń pè ní arrosoir, bomi rin kábéèjì àti létúùsì. Ọjọ́ tí mo kúrò níbẹ̀, mo sọ nínú ọkàn mi pé n kò tún ní gbé agolo náà mọ́ láyé. Mo sì mú ẹ̀jẹ́ yẹn ṣẹ ju àwọn ẹ̀jẹ́ mìíràn lọ. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Kétu mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ọgbà fi ṣòro lọ́dọ̀ wa. Ilẹ̀ wa dára, ó gba àgbàdo, ó gba ẹ̀gẹ́, ó gba ẹ̀pà, ṣùgbọ́n omi jìnnà sí wa. Orí ilẹ̀ gíga tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni ìlú wa wà. Omi abẹ́ ilẹ̀ jìn gidigidi, kànga tí a fi ọwọ́ gbẹ́ kì í tètè bá a. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń rìn kí wọ́n tó pọn ìkòkò omi kan. Lóde òní, ẹ̀rọ omi wà, ṣùgbọ́n owó ni a fi ń gbà á, garawa lẹ́yìn garawa. Nítorí náà, nígbà tí mo dá àbá ọgbà ẹ̀fọ́ níwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ìyá àgbà kan rẹ́rìn-ín, ó ní: «Olùkọ́, omi tí a fi owó rà, ta ni yóò dà á sí ẹsẹ̀ tẹ̀tẹ̀?»

Síbẹ̀, ìlú tiwa kọ́ ni ó yẹ kí ó fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ inú ilé ṣeré. Ẹni tí ó bá ń kọjá lẹ́nu ibodè Akaba Ìdẹnà, kí ó rántí pé lẹ́yìn odi yẹn ni àwọn baba wa wà nígbà tí ogun Dahomey dó tì wọ́n. Ìlú náà ṣubú ní ọdún 1886, ebi sì wà lára ohun tí ó ṣẹ́ wọn. Odi ga, yàrà jìn, ilẹ̀kùn ibodè lágbára, ṣùgbọ́n oúnjẹ tán nínú ilé. Mo sọ èyí fún àwọn ìyá náà, wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní: «Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a lọ wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe é.»

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kìíní ọdún 2022, àwa mẹ́fà wọ táásì láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́: ìyá mẹ́rin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, àti èmi. Ìyá ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà pẹ̀lú wa, ó pọn ọmọ náà sẹ́yìn. Ọyẹ́ mú, eruku pupa sì bo ewé igi ní ọ̀tún àti ní òsì. A kọjá ní Onigbolo, níbi tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sí. A dé Pobè, níbi tí àwọn Faransé ti dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ láti ọdún 1922, a sì rí àwọn ọ̀pẹ tí wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé. Lẹ́yìn Pobè ni Sakété, lẹ́yìn Sakété ni Àjàṣẹ́. Ọ̀nà náà lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà.

Bí a ti ń lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn ilé àwọn ènìyàn. Àgbàlá ilé wa mọ́ tónítóní. Àwọn obìnrin ti fi ìgbálẹ̀ gbá a láàárọ̀, ojú ìgbálẹ̀ ṣì wà lára iyẹ̀pẹ̀. Ohun tí ó yẹ fún ìyìn ni. Ṣùgbọ́n nínú ilé mẹ́wàá, bóyá ni mo rí ọ̀kan tí a gbin ewé jíjẹ sí. Ìyá kan nínú wa ni ó nawọ́ síta, tí ó ní: «Ẹ wo ibẹ̀ yẹn.» Lẹ́yìn balùwẹ̀ ilé kan ni ó ń fi hàn wá, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn jáde sí. Gbogbo koríko tí ó yí ilé náà ká ti gbẹ, ṣùgbọ́n níbẹ̀, tẹ̀tẹ̀ àti gbúre hù fúnra wọn, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbìn wọ́n. A rẹ́rìn-ín, a sì kọjá lọ. A kò mọ̀ pé ìdáhùn tí a ń wá lọ sí Àjàṣẹ́ ni a kọjá lára rẹ̀ yẹn.

Ní Àjàṣẹ́, ilé ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ni a dé sí. A kò jókòó. A gba zémìjàn lọ sí Ouando, sí ibùdó Songhai. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ Saint Dominique, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1985. Olùkọ́ ni ó jẹ́ ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà nígbà tí ó rí àwòrán ìyàn tí ó mú ní Áfíríkà ní àwọn ọdún yẹn; ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ó sì padà wá. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fún un ní ilẹ̀ hẹ́kítà kan, òun àti àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan tí wọ́n ti fi ilé ìwé sílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó sọ ibẹ̀ ní Songhai ní ìrántí ìjọba ńlá tí ó ti wà rí ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láti orí hẹ́kítà kan yẹn ni ibùdó náà ti gbòòrò, tí ó sì ní ẹ̀ka ní Parakou, ní Savalou àti ní Kinwédji.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mú wa yí ibẹ̀ ká ní sùúrù púpọ̀. Ó fi adágún ẹja hàn wá, ó fi ilé adìyẹ hàn wá, ó sì mú wa dé ibi tí wọ́n ń kó ìgbẹ́ ẹran sí, tí gáàsì tí a fi ń dáná fi ń jáde láti inú rẹ̀. Ó fi ibi tí wọ́n ti ń sin ìdin hàn wá pẹ̀lú! Àwọn ìyá wa fi ọwọ́ bo imú. Ó ní: «Ẹ má bẹ̀rù. Ìdọ̀tí ẹran ni ìdin ń jẹ, ẹja àti adìyẹ ń jẹ ìdin, omi adágún ẹja ń lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀fọ́, ènìyàn ń jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja, ohun tí ó sì ṣẹ́kù tún padà sọ́dọ̀ ẹran. Ní ibí yìí, a kì í sọ ohunkóhun nù.» Mo rántí ìwé tí Póòpù Francis olóògbé kọ ní ọdún 2015, Laudato Si’, nínú èyí tí ó bá wa wí nípa ìwà lílò kí a sì sọ nù. Ọ̀rọ̀ tí mo ti kà nínú ìwé ni mo wá fi ojú rí, tí mo sì gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún kọ́ wa ní ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ó ní ìgbà òjò ni à ń kọ ilẹ̀ ẹ̀fọ́ sókè bí ebè, kí omi má bàa jẹ gbòǹgbò. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ìdàkejì rẹ̀ ni: kí á gbẹ́ ilẹ̀ náà wọ inú díẹ̀, bí àwo, kí omi díẹ̀ tí a bá dà lè dúró síbẹ̀, kí á sì fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ láàárín àwọn ewé, kí oòrùn má bàa fa omi náà lọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń padà, ìyá àgbà wa ní: «Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò ní adágún, n kò ní ilé adìyẹ ńlá. Kí ni n ó mú délé?»

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí Dangbo, ní àfonífojì odò Ouémé, nítorí wọ́n sọ fún wa pé ibẹ̀ ni ẹ̀fọ́ àti ata ti ń wá sí ọjà Àjàṣẹ́. Ohun tí àwa Yorùbá ń pè ní àkúrọ̀ ni a bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Lọ́dọọdún, odò náà ń kún bo ilẹ̀. Omi rẹ̀ ń pọ̀ jù ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Bí ó bá ti ń fà padà, ẹrẹ̀ dúdú tí ó kún fún ọ̀rá ni ó ń fi sílẹ̀. Bí omi ti ń fà sẹ́yìn ni àwọn ènìyàn ń gbìn tẹ̀lé e: ata, tòmátì, ewédú tí wọ́n ń pè ní crincrin ní ọjà Kútọ̀nú, àti ẹ̀fọ́ igbá tí àwọn Fọ̀n àti àwọn ará Togo ń pè ní gboma. Nígbà tí a dé ibẹ̀ ní oṣù kìíní yẹn, ojú wa kò lè rí òpin ewé tútù. Ìyá ọmọ náà dúró létí ilẹ̀ náà, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní: «Ọlọ́run ti bomi rin tiwọn fún wọn.»

Ohun kan bà wá nínú jẹ́ níbẹ̀. Láàárín àwọn ewé, a rí ìgò òfìfo tí a sọ sílẹ̀, mo sì ka ohun tí a kọ sára rẹ̀ ní èdè Faransé: oògùn kòkòrò òwú ni. Ẹ̀yin ará, oògùn tí a ṣe fún òwú, tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ, kò gbọdọ̀ kan ewé tí a óò ká sínú ọbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ẹ má gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Borgou, ní àríwá orílẹ̀-èdè wa, ní ọdún 1999: ọ̀pọ̀ ènìyàn kú nítorí oògùn òwú tí a ń pè ní endosulfan, àwọn kan sì wà lára wọn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí oògùn náà ti kàn. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò pé kí a pa oògùn náà tì. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ṣì wà lọ́jà. Ẹni tí ó ra ẹ̀fọ́ lọ́jà kò mọ ohun tí wọ́n fín sí i. Ẹni tí ó gbin ti ara rẹ̀ mọ̀. Àǹfààní ọgbà ilé kan nìyẹn tí owó kò lè díwọ̀n.

A padà sí Àjàṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó ti rẹ̀ wá, ọkàn wa kò sì balẹ̀. A ti rí ibi tí ó ní ẹ̀rọ, a ti rí ibi tí ó ní odò, àwa kò sì ní ìkankan nínú méjèèjì. Ní àkókò yẹn ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo ẹ̀yìn ilé tí a dé sí dáadáa, nítorí alẹ́ ti lẹ́ kí a tó padà dé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a sì ti jáde ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì. Àgbàlá ìyá tí ó gbà wá sílé kò ju yàrá méjì lọ ní fífẹ̀, sìmẹ́ńtì ni wọ́n sì fi bo ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá ògiri, ó to bàsíà àtijọ́ tí ìsàlẹ̀ wọn ti lu, garawa òróró, àti àpò ìrẹsì tí ó kó iyẹ̀pẹ̀ àti àwókù ewé sí. Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ṣọkọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ igbá wà níbẹ̀, ewúro méjì sì dúró ní igun, ó ń ṣẹ́ ewé lára wọn.

Mo kí i pé: «Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá wa. Ẹ̀yin ní omi púpọ̀ ní Àjàṣẹ́.» Ó wò mí, ó ní: «Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, Olùkọ́? Èmi náà ń san owó omi. Omi kan náà ni mo ń lò lẹ́ẹ̀mejì.» Ó fi garawa kan hàn wá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Omi tí ó fi ṣan ìrẹsì, omi tí ó rẹ ẹ̀wà sí, omi tí ó fi fọ ẹ̀fọ́ àti ẹja, omi tí àwọn ọmọ fi ṣan ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, gbogbo rẹ̀ ni ó ń dà sínú garawa yẹn. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó ń fi igbá bù ú sí ẹsẹ̀ ẹ̀fọ́. Èyí tí ọṣẹ pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń dà á sí, kì í jẹ́ kí ó kan ewé jíjẹ. Ó ní: «Bí mo bá jìnnà sí i, n kò ní lè ṣe é. Ìgbà tí mo bá ń wá iyọ̀ ni mo ń rí kòkòrò lára ewé. Ìgbà tí mo bá ń ro ọkà ni mo ń rí i pé ilẹ̀ ti gbẹ.»

Ìyá ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní: «Ẹ̀yìn balùwẹ̀!» Gbogbo wa rántí tẹ̀tẹ̀ tí ó hù fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Omi tí a ti lò tán ni ó ń mú un tutù. Ilẹ̀ ti fi hàn wá kí ènìyàn tó sọ ọ́.

Ní alẹ́ yẹn, mo ronú lórí ìtàn Nábótì nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kọkànlélógún. Ọba Áhábù fẹ́ gba ọgbà àjàrà Nábótì kí ó lè sọ ọ́ di ọgbà ẹ̀fọ́. Kí ni ìdí tí ó sọ? Nítorí pé ó sún mọ́ ilé rẹ̀. Ọba tí ó ní ilẹ̀ káàkiri Ísírẹ́lì mọ̀ pé ẹ̀bá ilé ni ibi ẹ̀fọ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ṣojúkòkòrò ohun ẹni ẹlẹ́ni, tí ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ fi ta sílẹ̀. Àwa kò ní láti gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìwọ̀n ẹní méjì lẹ́yìn ilé tó.

Nígbà tí a padà dé Kétu, a bẹ̀rẹ̀. N kò ní fi àṣìṣe wa pamọ́ fún yín. Ní ilé tèmi, mo da irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń fún adìyẹ ní àgbàdo. Wọ́n hù lé ara wọn, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n sì ṣubú. Ní ilé ìyá àgbà, ewúrẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀ ní òru kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ti ewúrẹ́ kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ rárá. A tún un ṣe. Ohun tí a rí kọ́ nìyí:

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ọgbà yí i ká, ìbáà ṣe igi ẹ̀gún tàbí imọ̀ ọ̀pẹ, kí ẹ tó da irúgbìn. Ẹ fi ìgbẹ́ ewúrẹ́ tàbí ti adìyẹ tí ó ti jẹrà gbẹ po iyẹ̀pẹ̀. Èyí tí ó tutù máa ń jó gbòǹgbò. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó wọ́n ọn, kí ó má bàa ṣù jọ. Ẹ da omi gbígbóná sórí irúgbìn ewédú ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ sì yára sẹ́ ẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò sùn sínú ilẹ̀. Ewúro kò fẹ́ irúgbìn, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀. Ẹ má gbin irú ẹ̀fọ́ kan náà sí ojú kan náà léraléra, nítorí aràn inú ilẹ̀ yóò sọ gbòǹgbò rẹ̀ di kókó. Bí kòkòrò bá dé, ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sára ewé ní ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ tó se ẹ̀fọ́, ẹ fi omi tí ó mọ́ ṣàn án dáadáa.

Ní ti omi, mo wọ̀n ọ́n ní ilé mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Omi tí a ti ń dà nù tẹ́lẹ̀, tí kò ní ọṣẹ púpọ̀, kún garawa kan àti ààbọ̀ lójúmọ́. Ìyẹn tó ilẹ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́ta, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà kan, bí a bá fi koríko bò ó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń san owó omi yìí, tí mo sì ń dà á sójú ọ̀nà.

Nígbà tí Ọjọ́rú Eérú dé, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2022, ilé mẹ́rin nínú mẹ́fà ti fa tẹ̀tẹ̀ àkọ́kọ́ wọn, nítorí kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ kí ó tó tó jẹ. Ìyá ọmọ náà mú ìdì kan wá fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní kí ó gbé e padà fún ọmọ rẹ̀. Ó ní ti ọmọ náà wà nílé, èyí jẹ́ ìdámẹ́wàá. Lẹ́yìn Àjíǹde, ó gbé ọmọ náà padà lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó ti pọ́n. N kò sọ pé ẹ̀fọ́ nìkan ni ó ṣe é. Ó lo oògùn, ó sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, ó sì ń jẹ ẹ̀wà àti ẹja. Ẹ má ṣe fi ọgbà rọ́pò ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì tún sọ pé «Ẹ máa fún un ní ẹ̀fọ́», ìyá náà kò bojú wo ilẹ̀ mọ́. Ó ní: «Ó ń jẹ ẹ́. Ó tilẹ̀ ń bá mi bomi rin ín.»

Ẹ̀yin ará, ní nǹkan bí 1500 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí Bẹ́nẹ́díkì Mímọ́ ń ṣe òfin fún àwọn arákùnrin rẹ̀, ó fẹ́ kí omi, ọlọ àti ọgbà wà nínú àgbàlá ilé wọn, kí wọ́n má bàa máa rìn káàkiri wá ohun tí wọn yóò jẹ. Ní òwúrọ̀ Àjíǹde pàápàá, nígbà tí Màríà Magidalénì rí Olúwa wa lẹ́bàá ibojì, olùtọ́jú ọgbà ni ó rò pé Ó jẹ́. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn rí wa pẹ̀lú igbá omi ní ọwọ́ àti iyẹ̀pẹ̀ ní ẹsẹ̀.

Nítorí náà, ní alẹ́ òní, kí ẹ tó da omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì nù, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé yín. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwa náà tẹ́ láwùjọ àwọn tí ń bọ́ ọmọ wọn. Kí Ó bùkún ilẹ̀ wa àti iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó sì jẹ́ kí ìkòkò ilé wa má ṣófo, ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.